Ìwádìí Dé Agbo Ilé Jagun

Jẹ́dà,
16 Máàsì, 1994.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o, ẹ sì kú àṣeyọrí ààwẹ̀. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Róòbù tí mo fi rán Àlàájì Jamaldeen, ẹ máa fi pa á láràárọ̀. Ẹ má gbé e pamọ́ sínú àpótí bí ẹ ti ṣe èyí àkọ́kọ́. Mo mọ̀ yín.

Bàbá, ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ ọdún kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ rántí pé èmi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù wa. Méjì nínú àwọn tó wà lábẹ́ mi jẹ́ ọmọ Íńdíà, ẹlẹ́sìn Híńdù ni àwọn méjèèjì. Sulochana ga, ó sì máa ń pàṣẹ bí ẹni pé òun ló ni ilé ìwòsàn. Vasantha rí bíńtín, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ débi pé tó bá fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà kì í sunkún. Èdè kan ni wọ́n ń sọ, yàrá kan ni wọ́n ń gbé, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń jọ dáná. Èmi a tiẹ̀ máa pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé.

Ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún dé ni a fẹ́ tún ìkámà Vasantha ṣe, ìwé tó fún un láṣẹ láti máa gbé níbí. Ìwé ẹ̀rí kan wà nínú fáìlì rẹ̀ tí wọ́n fi èdè wọn kọ. Akọ̀wé bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Vasantha wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà náà. Èmi, láìfura, mo pe Sulochana, mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi ka eléyìí." Bó ṣe ń kà á ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́. Ọṣẹ ló fi fọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó ní ìwé ìjọba ni, tó sọ irú ìran tí Vasantha ti jáde wá. Ó ní ìran àwọn tó ń bó awọ màlúù tó bá kú ni. Ní abúlé àwọn, irú wọn kì í pọn omi nínú kànga tí àwọn yòókù ń pọn. Ife tiwọn lọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onítíì. Wọn kì í jọ jẹun, áḿbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n fẹ́ra. Ìran tiẹ̀, ìran Sulochana, ló ni ilẹ̀. Ibi tí wọ́n bá bí ọ sí, ibẹ̀ lo wà títí wọn ó fi sun òkú rẹ, ìbáà ṣe dókítà lo dà. Mo ní, "Ìjọba yín ńkọ́?" Ó ní ìjọba ti fòfin dè é tipẹ́, àti pé wọ́n tún ń ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn ní ilé-ìwé. Àyè yẹn ni Vasantha fi di nọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi wà nínú fáìlì. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Lọ́jọ́ ọdún, aláìsàn wa kan tó ti gbádùn, Hasna, fi ìrẹsì àti adìẹ ránṣẹ́ sí wa nínú ọpọ́n ńlá kan, bí wọ́n ti máa ń ṣe níbí. Gbogbo wa jókòó sílẹ̀ yí i ká. Vasantha na ọwọ́. Bàbá, Sulochana fa ọwọ́ tirẹ̀ yọ bí ẹni tí iná jó! Ó dìde. Àwọn ọmọ Íńdíà méjì láti wọ́ọ̀dù kejì náà dìde. Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bu ìrẹsì sínú àwo kan fún Vasantha, mo ní kó lọ jẹ ẹ́ ní yàrá abẹ́rẹ́, kí àlàáfíà lè wà. Ó gba àwo náà, ó ní, "Ẹ ṣé, Sísítà," ó sì lọ.

Háà! Èèyàn ẹlẹ́ran ara! Mo dúpẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni Ọlọ́run dá wa sí, níbi tí kò sí irú èyí.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ló kù. Ameen, àfẹ́sọ́nà mi tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì ní Al-Abidiyah ní Mẹ́kà, ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún ìyá rẹ̀, Àlàájà Rahma, ní Ìbàdàn. Ìyá ní òun á kọ́kọ́ rán èèyàn wá wádìí ilé wa ní Ìwó, bí àṣà. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ gbá iwájú ilé o!

Ọmọ yín,
Jelilat.


Ìwó,
24 Épírì, 1994.

Jelilat ọmọ mi,

Àlàáfíà ni mo kí ọ. Róòbù rẹ dé, mo sì ń lò ó, má fi ẹnu gún mi lára. Eékún ń ṣe bó ṣe wù ú, ara àgbà ni.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa bu oúnjẹ fún èèyàn sínú àwo ọ̀tọ̀ lójú àwọn tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀? Àlàáfíà ta ni o ń wá? Sulochana yọ ọwọ́, ìwọ yọ èèyàn. Èwo ló burú jù níbẹ̀? Èmi kò tọ́ ọ báyìí. Lọ bẹ̀ ẹ́. Má rán ẹnikẹ́ni, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ.

Kí o sì sọ fún un, kó pè é ní ọ̀rọ̀ bàbá sọ́mọ, pé kó jó ìwé yẹn. Kó wá iṣẹ́ sí ìlú mìíràn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, kó má fi hàn ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, bó pẹ́ bó yá, ẹnu á rẹ aráyé lórí rẹ̀.

Ní ti Ameen, mo ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń da ara wọn láàmú wá Ìwó sí? Ọ̀nà bàjẹ́, epo ọkọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà Káábà, ibo lẹ tún ń wá? Ẹ jẹ́ kí àlùfáà kan so yigi yín níbẹ̀. Sọ fún Àlàájà pé kó má ṣe ìyọnu. Àwa kò ní yàrá àlejò tó dára, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń jò.

Kọ èsì kíá. Jẹ́ kí n gbọ́ pé wọn kò bọ̀ mọ́.

Bàbá rẹ,
Abdulkareem.


Jẹ́dà,
6 Júùnù, 1994.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Lẹ́tà yín bá mi ní Hajj Terminal, ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí wọ́n yá mi fún láti máa tọ́jú àwọn àlàájì. Mo jókòó sórí àpótí oògùn kà á, mo sì sunkún. Àwọn èrò rò pé ẹnìkan kú ní ilé wa.

Mo gba ìbáwí yín lórí ọ̀rọ̀ àwo. Ẹ jàre. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ọmọbìnrin yín, Bàbá! Orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti rí yín tí ẹ ń sáré kiri, tí ẹ ń ṣe alága ìgbéyàwó, tí ẹ ń gba àdúrà. Nígbà tó kan tèmi, òrùlé ń jò! Bí ẹ kò bá fẹ́ Ameen, ẹ sọ ọ́ síta. Ojú ń tì mí níwájú rẹ̀. Kí ni ìyá rẹ̀ máa rò? Á rò pé ọmọ tí kò nílé ni mí. Nítorí náà n kò jíṣẹ́ yín. Èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé sí Àlàájà pé kí wọ́n wá, kí wọ́n bi gbogbo ẹni tó bá wù wọ́n léèrè ní agbo ilé Jagun. Ẹ bínú, ẹ má bínú, mo ti ṣe é.

Mo lọ bá Vasantha. Wọ́n ti lé e kúrò ní yàrá yẹn, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Filipíìnì. Mo kúnlẹ̀ fún un bí a ti ń ṣe nílé, ẹ̀rù bà á, ó fà mí dìde. Mo jíṣẹ́ yín pé kó jó ìwé náà. Rẹ́rìn-ín ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sísítà, bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó fún mi ní ìwé yìí. N kò fi pamọ́ fún Sulochana. Kò bi mí ni."

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ní abúlé wọn, bí màlúù àwọn onílẹ̀ bá kú, àwọn èèyàn tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá wọ́ ọ lọ. Ọdún 1981 ni bàbá rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn onílẹ̀ gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù kò ta iyọ̀ fún wọn. Wọ́n dá bàbá náà lápá. Síbẹ̀ kò wọ́ màlúù. Òkú màlúù ń rà lójúde àwọn onílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Mo bi í pé báwo ni wọ́n ń ṣe é nísinsìnyí. Ó ní, "Katakata ni wọ́n fi ń wọ́ ọ. Wọ́n á kọ́kọ́ di imú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwọn ará Ìbàdàn dáadáa.

Jelilat.


Jẹ́dà,
22 Ọ́gọ́ọ̀sì, 1994.

Bàbá,

Oṣù kẹta ń lọ, n kò gbúròó yín. Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ elépo ń yanṣẹ́ lódì, pé ọkọ̀ kò rìn, mo sì ń fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Àlàájà Rahma dé. Ameen kò lè kà á fún mi, ó nà án sí mi ni. Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sílẹ̀ bó ṣe wà:

"Àwọn tí mo rán dé Ìwó. Àwọn àgbà ilé Jagun gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní, 'Tíṣà Abdulkareem kẹ̀? Èèyàn wa ni, onísùúrù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé yìí. Jagun ló ra bàbá bàbá rẹ̀ lójú ogun.' Ameen, n kò bí ọ kí o lọ fẹ́ ọmọ ẹrú. Bí o bá fẹ́ ẹ, má pè mí ní ìyá mọ́."

Bàbá, ṣé òótọ́ ni?

Ìgò omi abẹ́rẹ́ méjì bọ́ lọ́wọ́ mi ní wọ́ọ̀dù, Vasantha ló gbá a. Mo ń bi ara mi pé, ta ni mí? Orúkọ tó wà nínú pasipọ́ọ̀tù mi, ti ta ni? Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa kọ̀wé sí yín pé kò sí irú èyí ní ilẹ̀ Yorùbá! Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pe àwọn èèyàn wá tú wa níhòòhò! Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Ẹ dá mi lóhùn. Bí kò bá sí ọkọ̀, ẹ wá ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Jelilat.


Ìwó,
2 Òkítóbà, 1994.

Jelilat ọmọ mi,

Òótọ́ ni.

Lẹ́tà yìí ni ìkẹfà tí mo kọ. Márùn-ún ìyókù wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Irọ́ ni gbogbo wọn.

Bàbá bàbá mi wá láti Èkìtì. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn ọmọ ogun kó òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú oko ẹ̀gúsí. Wọ́n ta àbúrò náà lójú ọ̀nà, kò sì tún fojú kàn án mọ́ títí tó fi kú. Jagun ra òun wá sí Ìwó. Ó ro oko Jagun títí òyìnbó fi dé tí wọ́n ní kò sí ẹrú mọ́. Ibo ni ì bá lọ? Kò rántí ọ̀nà ilé. Jagun ní kó má lọ, pé ọmọ ló jẹ́. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ ní ẹ̀yìn agbo ilé, níbi tí omi àgbàrá ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ.

Ní gbogbo ìpàdé ẹbí, wọ́n á sọ ọ́ pé, "Ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ." Wọn á sọ ọ́ tẹ̀rín tẹ̀rín, wọn á sì máa wo apá ọ̀dọ̀ mi. O rántí pé o bi mí rí, nígbà tí o wà ní kékeré, pé kí ló dé tó jẹ́ pé ìpín ẹran Iléyá tiwa ló máa ń kẹ́yìn? Mo ní nítorí pé ilé wa ló jìnnà jù. Nígbà tí oyè Jagun ṣí sílẹ̀ ní 1978, àwọn ará ìlú ní kí èmi tí mo mọ̀wé du oyè náà. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní ábídí nínú ilé náà ló wá bá mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ mọ àyè yín." Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìlú pé oyè kò wù mí.

Ìyá rẹ mọ̀, Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Mo sọ fún un kí n tó fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n jẹun kó má tutù.

Mo rò pé bí mo bá rán ọ lọ sílé-ìwé, tí o kọjá òkun, ọ̀rọ̀ náà á kú sí ọ̀dọ̀ mi níbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Vasantha jó ìwé rẹ̀. Èmi ti jó tèmi tipẹ́. Mo wá ka lẹ́tà rẹ nípa bàbá rẹ̀ tí wọ́n dá lápá. Kò mọ̀wé, kò sì wọ́ màlúù. Èmi tí mo mọ̀wé, ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ wọn ní ìwé, n kò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìtìjú mú mi, Jelilat, ju bí o ti lè rò lọ.

Dárí jì mí. Má jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ nítorí mi. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n ṣe, màá ṣe é.

Abdulkareem.


Jẹ́dà,
11 Dísẹ́ḿbà, 1994.

Bàbá mi,

Mo bínú sí yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo kọ lẹ́tà kan, mo fà á ya. Ìbínú náà ti rọ̀ báyìí, kò tíì tán pátá.

Ameen wá láti Mẹ́kà lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkùnrin kì í wọ ilé àwọn nọ́ọ̀sì níbí, nítorí náà ilé Dókítà Abdulrauf ti ilé ìwòsàn wa la ti ríra, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì wá. Ó ní òun kò sùn, òun kò wo, òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Òun á sọ fún ìyá òun pé àwọn tó wádìí ṣi ẹni mú. Kí ẹ̀yin kọ ìwé kan, kí Baálé Jagun fọwọ́ sí i, pé ọmọ bíbí inú ilé Jagun ni yín. Ó ní, "Ìwé lásán ni, Jelilat. Ìyá mi á gbà, gbogbo rẹ̀ á tán síbẹ̀."

Mo mọ̀ pé ẹ máa kọ ọ́. Ẹ ti sọ pé ohunkóhun ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baálé, pẹ̀lú eékún yín yẹn.

Mo bi í pé, "Bí a bá bí ọmọ, kí ni a ó sọ fún un?" Ó ní kò sí ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ mọ̀. Bàbá, àwo ìrẹsì yẹn ni mo rí. Ọkùnrin dáadáa ni Ameen, kì í ṣe èèyàn burúkú, bí èmi náà kì í ti í ṣe èèyàn burúkú lọ́jọ́ ọdún. Ó bu oúnjẹ sí àwo ọ̀tọ̀ fún mi, ó ní kí n lọ jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ kí àlàáfíà lè wà.

Mo ní rárá. Mo ní kó máa lọ. Ó rò pé mo ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Mẹ́kà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Mo ké títí ìyàwó Dókítà fi bá mi ké. Kó má baà dà bíi pé akọni ni mí, mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti pè é padà, mo tún gbé e sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Vasantha ni mo ti ń jẹun báyìí. Àwo kan náà. Ata wọn ń ta ju tiwa lọ. Lọ́jọ́ Tùsídeè, Sulochana jókòó sórí àga nítòsí wa, ó ń mu tíì tirẹ̀. Kò bá wa jẹun, kò sì dìde.

Tíkẹ́ẹ̀tì Hájì yín wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ wá rí mi.

Ọmọ yín,
Jelilat.


Ìwó,
9 Épírì, 1995.

Jelilat ọmọ mi, àrẹ̀mọ mi,

Ìwé kò ní gùn, nítorí mo ti ń di ẹrù. Róòbù wà nínú rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ni mo lọ gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì àwọn àlàájì. Wọ́n ní àwọn ará Mẹ́kà ń fẹ́ orúkọ ẹni, orúkọ bàbá ẹni, àti orúkọ bàbá bàbá ẹni. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ìyá rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ kí n tó la ẹnu. Ó kọ Abdulkareem. Ó kọ orúkọ bàbá mi. Ó fẹ́ kọ Jagun sí ìkẹta. Mo ní, "Dúró." Mo ní kì í ṣe orúkọ bàbá bàbá mi nìyẹn.

Ó ní, "Háà, Tíṣà, ṣé kì í ṣe ilé Jagun lẹ ti wá ni?" Baálé Jagun fúnra rẹ̀ wà lórí ìlà lẹ́yìn mi, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní ibẹ̀ ni mo ń gbé, kì í ṣe ibẹ̀ la ti wá. Mo ní láti Èkìtì ni wọ́n ti jí bàbá bàbá mi gbé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni Ògúnsakin. N kò pè é síta rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kí n tún un pè. Mo pè é kíkan, gbogbo ilé wo mí. Baálé wo ilẹ̀.

Ó ti wà nínú pasipọ́ọ̀tù báyìí. Wọ́n ní tí a bá dé Hajj Terminal, wọn á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lárúbáwá tó máa kà á á fọ́ ọ yángayànga. Bí iṣẹ́ bá gbé ọ débẹ̀, sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pè é, kí o tẹ́tí sílẹ̀. Má yára bá mi dáhùn o.

Bí wọ́n bá ti pe Ògúnsakin, èmi fúnra mi ni màá dáhùn.

Bàbá rẹ,
Abdulkareem ọmọ Ògúnsakin.